Àpò Ìsùn Oníhùùhù fún Ará Etí Ọ̀sà

Ní Ọ̀jọ́ ní Èkó, òru tí ọyẹ́ bá tilẹ̀ mú gan-an kì í sábà lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí ogún dígírì Sẹ́sílọ́sì lọ. Láti ibùdókọ̀ Volkswagen títí dé Òkókómáíkò, láti Ìyànà-Ìbà wọ inú ẹ́sítéètì Ìbà, aṣọ ìbora fẹ́lẹ́ kan ti tó ẹni tó fẹ́ sùn, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í fẹ́ ìyẹn pàápàá lára. Nítorí náà, àpò ìsùn, àpò onísíìpù tí àwọn agùnkè máa ń kó sínú rẹ̀ sùn, lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú yìnyín lójú ẹni tó ń gbé láàárín wa. Síbẹ̀ ó kàn wá. Láti 1983 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ti wà ní Ọ̀jọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jáde níbẹ̀ ni ètò àgùnbánirọ̀ sì ń gbé lọ sí Plateau tàbí Taraba, níbi tí wọ́n ti ń bá irú òtútù tí wọn kò rí rí pàdé. Àwọn mìíràn ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá òkè lọ: Obudu, òkè títẹ́jú Mambilla, Chappal Waddi tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, Òkè Kamẹrúùnù tó ga jù gbogbo wọn lọ ní apá ibí yìí ní Áfíríkà. Àwọn bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbà ni pé orí òtútù ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn nípa àpò ìsùn dá lé, torí pé ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ ni àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn náà ń gbé. Lọ́dọ̀ tiwa, omi ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ rò. Àpò náà yóò sun òru mélòó kan lórí òkè; gbogbo ọjọ́ yòókù nínú ọdún, inú yàrá kan létí ọ̀sà ni yóò wà. Ẹni tó bá fi òru mélòó kan yẹn nìkan yàn án lè ra ohun tí yóò bà jẹ́ kó tó lò ó dójú àmì.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìhùùhù ni, ìyẹ́ wẹ́wẹ́ rírọ̀ tó wà lábẹ́ ìyẹ́ gidi ní àyà àti ikùn pẹ́pẹ́yẹ àti ti gúùsì, ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ṣùgbọ́n tí ọrùn rẹ̀ gùn. Kò ní igi láàárín bíi ti ìyẹ́ apá. Ojú kan ni gbogbo fọ́nrán rẹ̀ ti yọ, tí wọ́n sì nà káàkiri. Ìhùùhù fúnra rẹ̀ kì í mú ara gbóná. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín àwọn fọ́nrán yẹn ló ń dá ooru ara dúró kó má bàa sá lọ. Àwọn baba wa mọ ọgbọ́n yìí lára òwú àràbà tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí: ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Ibi tí ìhùùhù ti ta òwú àràbà yọ ni pé èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi wọ inú àpò kékeré kan, kó sì tún wú padà bó ṣe wà, lọ́dún dé ọdún, nígbà tí òwú àràbà tó ti pẹ́ lábẹ́ orí á ti di pẹlẹbẹ. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń rìn kiri lágbàlé wa kò lè pèsè rẹ̀ dáadáa, torí ilẹ̀ olóoru ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú irú rẹ̀ wá, ìhùùhù ara rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́jà ti ń wá, Họ́ńgárì àti Pólàǹdì sì lórúkọ fún èyí tó dára. Ẹran ni wọ́n ń sìn àwọn ẹyẹ náà fún, ìhùùhù jẹ́ èrè orí rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹranko bá ká lára lè wá òǹtẹ̀ Responsible Down Standard, tó ti wà láti 2014, tí kò fàyè gba kí wọ́n máa tu ìhùùhù lára ẹyẹ láàyè.

Omi ló ń ba iṣẹ́ ìhùùhù jẹ́. Bí ọ̀rinrin bá wọ inú rẹ̀, fọ́nrán á lẹ̀ mọ́ra, àpò á rọ, afẹ́fẹ́ tó há á dín kù, ooru á máa jáde. Kò dìgbà tí òjò bá pa á. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára àpò, 650, 750, 850: òun ni wọ́n fi ń sọ bí ìhùùhù ṣe ń wú tó, ìyẹn iye ìǹṣì kúbíìkì tí áúńsì kan rẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 28, lè kún. Bó bá jẹ́ 800, áúńsì kan á kún nǹkan bíi lítà 13, ohun ìyanu sì ni fún ohun tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìdánwò ni wọ́n ti ń wọn nọ́ńbà yìí, níbi tí ìgbóná afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 20 dígírì, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Afẹ́fẹ́ Ọ̀jọ́ ńkọ́? Òkun ń bẹ ní gúúsù, omi tó ń ṣàn lọ sí Àgbádárìgì ń bẹ láàárín òun àtiwa, àbàtà sì pọ̀ káàkiri. Ní òwúrọ̀ oṣù kẹfà, tí òjò pọ̀ jù, ọ̀rinrin máa ń kọjá ìdá 80 dáadáa. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi wọn nọ́ńbà ara àpò yàtọ̀ sí èyí tí a ń mí. Òótọ́ ni pé ọ̀rinrin lásán máa ń jáde bí a bá gbé àpò lọ síbi tó gbẹ, ìhùùhù á sì tún wú. Èyí tí kì í tètè jáde ni èbu àti òórùn, tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí àpò bá ti wà ní kíká fún oṣù mélòó kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri tútù.

Báwo wá ni òtútù tí à ń bẹ̀rù ṣe pọ̀ tó? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè, afẹ́fẹ́ máa ń tutù sí i ní nǹkan bíi dígírì mẹ́fà ààbọ̀ fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Ká fi dígírì 25 ṣe òru etíkun. Ní Obudu àti lórí Mambilla, tí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 1,600, á kù bíi 14 tàbí 15. Ní ṣóńṣó Chappal Waddi, mítà 2,419, á kù bíi 9. Lórí Òkè Kamẹrúùnù, ní ahéré tí àwọn agùnkè máa ń sùn sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Hut 2, ní nǹkan bíi mítà 2,850, á kù bíi 6. Ní ṣóńṣó rẹ̀, mítà 4,040, ó ti lọ sí abẹ́ òdo díẹ̀, àmọ́ ṣàṣà lẹni tó ń sùn síbẹ̀. Ọyẹ́ lè fa nọ́ńbà wọ̀nyí wálẹ̀ sí i, torí òru tí kò sí ìkùukùu rárá ni ilẹ̀ máa ń tú ooru rẹ̀ sí ojú sánmà. Nípa ìṣirò yìí, ó yẹ kí Jos, tó wà ní nǹkan bíi mítà 1,200, wà ní 17, síbẹ̀ òru oṣù kìn-ín-ní níbẹ̀ máa ń dé 13, ó sì lè kéré sí i. Ní òdìkejì, ẹni tó wọ mọ́tò ní Ìyànà-Ìbà lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tó gba Kútọnu àti Lómé kọjá dé Kpalimé láti gun Òkè Agou ní Tógò, mítà 986 péré ni yóò gùn. Bó bá gbé àpò ìsùn oníhùùhù dání, ẹrù lásán ló gbé. Òkè Ìdànrè bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò: ẹni tó bá ń lọ sí Taraba tàbí sí ẹ̀gbẹ́ Buea ní Kamẹrúùnù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè bí ọ̀nà ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, kó tó ronú kan ohun tí yóò sùn sí.

Ohun tí ìṣirò yìí sọ fún wa ni pé òtútù gbogbo ibi sísùn tí ọ̀nà ilẹ̀ lè gbé wa dé ní agbègbè wa, láàárín dígírì 15 àti bíi 5 ló wà. Òkè jíjìn bíi Kilimanjaro ló kọjá bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú mítà 5,895 rẹ̀, ẹni tó bá sì ń lọ síbẹ̀ lè yá àpò tó nípọn ní ìlú Moshi. Ó yani lẹ́nu nígbà náà pé èyí tí wọ́n ṣe fún dígírì mẹ́wàá lábẹ́ òdo ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń wá kiri, wọ́n rò pé òun ni ojúlówó.

Ìwọ̀n tó ṣeé gbára lé lára àpò ni èyí tó bá ìlànà ISO 23537 mu, èyí tó rọ́pò EN 13537 ti Yúróòpù. Wọ́n á gbé ère tó ní iná nínú, tí wọ́n wọ aṣọ fún, sínú àpò náà nínú yàrá tútù, wọ́n á sì wọn ooru tó ń sá lọ. Mẹ́ta nínú nọ́ńbà tó ń tibẹ̀ jáde ló kàn wá. Comfort ni ìwọ̀n òtútù tí obìnrin kan ti lè sùn fọnfọn. Limit ni èyí tí ọkùnrin kan ti lè rí oorun sùn bó bá ká ara rẹ̀ jọ. Extreme kò kan oorun rárá, ẹ̀mí ló ń sọ: níbẹ̀, òtútù ti lè ṣe èèyàn léṣe. Limit ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń kọ gàdàgbà síwájú. Comfort ni kí ará Ọ̀jọ́ máa wò, ọkùnrin àti obìnrin, kó sì yan èyí tí comfort rẹ̀ fi bíi dígírì márùn-ún lọ sílẹ̀ ju òtútù tó ń retí lọ, torí ara tí òru dígírì 25 ti mọ́ lára á máa gbọ̀n níbi tí ara ẹni tó dàgbà nínú yìnyín á ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Fún Mambilla, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 8 sí 10. Fún Hut 2, nǹkan bíi 1. Ẹni tó fẹ́ kí àpò kan ṣoṣo ká gbogbo rẹ̀ lè dúró sí àárín òdo àti 3. Kó má sì gbàgbé ilẹ̀. Orí ẹní ni wọ́n ń tẹ́ ère ìdánwò yẹn sí, torí ìhùùhù tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn ẹni tó sùn ti tẹ̀ pátápátá, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́, kò lè dá nǹkan kan dúró. Ẹní fóòmù tí nọ́ńbà R rẹ̀ bá tó 2 ti tó fún àwọn òkè tiwa. Ẹni tó bá fi owó gbogbo ra àpò, tó wá tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ lásán, òtútù ilẹ̀ ni yóò bá sùn mọ́jú.

Ibi tí àwọn tó ń rajà ti ń ṣìnà jù ni nọ́ńbà wíwú yẹn. Wọ́n ń rò pé 900 dára ju 700 lọ gẹ́gẹ́ bí owó ẹgbẹ̀rún ṣe ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tó ń mú ara gbóná ni wíwú náà tí a bá fi ìwúwo ìhùùhù sọ di púpọ̀, ìwúwo yìí sì ni kéèyàn wá lára àmì kó tó wo ohun mìíràn. Ẹ jẹ́ ká fi àpò méjì wéra. Gíráàmù 300 ìhùùhù tó jẹ́ 700 ló wà nínú ọ̀kan: bíi áúńsì mẹ́wàá àti ààbọ̀ ni, yóò sì kún nǹkan bí 7,400 ìǹṣì kúbíìkì. Gíráàmù 250 ìhùùhù tó jẹ́ 850 ló wà nínú èkejì, yóò kún nǹkan bí 7,500. Ooru tí àwọn méjèèjì máa fúnni fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Gíráàmù 50 ni gbogbo ohun tí owó ńlá yẹn mú kúrò lórí ẹ̀yìn, ìyẹn ìdá mẹ́wàá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, mi ò ní bá ẹni tó fẹ́ san owó yẹn jiyàn. Ní ọ̀dọ̀ wa, mo rò pé àṣìṣe ni. Àpò tí ìhùùhù inú rẹ̀ kéré níye, tó gbára lé wíwú rẹ̀ nìkan, ni ọ̀rinrin máa ń tètè fi ṣe ẹlẹ́yà: bí gíráàmù díẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ra, ojú ibẹ̀ ti ṣófo nìyẹn, òtútù á sì gba ibẹ̀ wọlé. Nínú àpò tó ní ìhùùhù 650 sí 750 tó pọ̀ díẹ̀, ìyókù á ṣì bo ojú ibẹ̀. Oògùn kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń fi kun ìhùùhù kó má tètè mu omi. Ó ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, pàápàá lórí ọ̀rinrin ara àti ìrì, kò sì burú láti wá èyí tó ní in. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di ohun tí òjò lè pa.

Àwọn kan á sọ pé ooru kì í pọ̀ jù lórí òkè, pé ó sàn kéèyàn ra àpò tó nípọn jù kó wá ṣí síìpù sílẹ̀. Lójú omi, ọ̀rọ̀ yìí kò dúró. Ara tó bá gbóná jù nínú àpò á làágùn, òógùn yẹn á di ooru omi tí yóò gba inú aṣọ àpò wọ inú ìhùùhù, á sì dúró síbẹ̀ níbi tó bá ti bá òtútù ìta pàdé. Òru àkọ́kọ́ kò ní hàn. Ní òru kẹta, bí oòrùn kò bá ràn kí wọ́n fi sá a, àpò olówó ńlá náà á ti wúwo, á sì ti rọ. Ooru omi yìí pọ̀ lára ẹni tó gbé ẹrù gun òkè láti àárọ̀ tó sì wọ inú àpò pẹ̀lú aṣọ òógùn lára. Àpò tó mọ níwọ̀n, tí a fi fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ gbígbẹ ràn lọ́wọ́ nígbà tí òtútù bá kọjá bí a ṣe rò, ló máa ń gbẹ títí dé ilé.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó máa bi mí pé: bó bá jẹ́ omi ni ọ̀tá, kí ló dé tí a kò fi ìhùùhù sílẹ̀ pátápátá, ká ra àpò olófọ́nrán pọ́líẹ́sítà tó ń gbẹ kíákíá, tó ṣì ń mú ara gbóná díẹ̀ bó bá tutù, tí owó rẹ̀ sì kéré? Mo gbà fún wọn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹni tó bá máa lọ sí Obudu lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí mọ́tò gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kò nílò ìhùùhù. Pọ́líẹ́sítà tó o, kódà aṣọ ìbora onírun kan tó o. Àgùnbánirọ̀ tó ń lọ sí àgọ́ Mangu ní Plateau pàápàá, orí bẹ́ẹ̀dì inú ilé ni yóò sùn sí. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àti súwẹ́tà á gbè é. Ibi tí ìhùùhù ti wúlò ni orí ẹ̀yìn ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ púpọ̀. Àpò ìhùùhù tó bá òtútù òdo sí 3 mu máa ń wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 700 sí 900, nígbà tí ti pọ́líẹ́sítà tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ máa ń kọjá kílò kan àti ààbọ̀, a sì máa gba ìlọ́po méjì àyè nínú ẹrù. Lórí Òkè Kamẹrúùnù, iyanrìn àti òkúta iná ló pọ̀ lókè, omi mímu ṣọ̀wọ́n; ẹni tó bá ń gun ún gbọ́dọ̀ gbé omi rẹ̀ dání láti ìsàlẹ̀. Ìwúwo tó ti ara àpò kúrò níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà omi kan tó lè gbé. Pọ́líẹ́sítà náà sì ní àìsàn tirẹ̀: bí wọ́n bá ti ń ká a mọ́ra, tí wọ́n ń tú u, fọ́nrán rẹ̀ á máa kú díẹ̀díẹ̀, kò sì ní wú bíi tàtijọ́ mọ́. Ìhùùhù tí a tọ́jú dáadáa lè sin èèyàn fún ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀ wá rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò ní ráyè tọ́jú rẹ̀, kó ra pọ́líẹ́sítà láìtijú. Bákan náà ni kí ẹni tó fẹ́ lọ sí Kamẹrúùnù nígbà òjò má dán ìhùùhù wò rárá: Debundscha, ní ẹsẹ̀ òkè yẹn níhà òkun, wà lára ibi tí òjò ti ń pọ̀ jù láyé, nǹkan bíi mìlímítà 10,000 lọ́dún. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni àsìkò tó dára jù.

Pẹ̀lú omi lọ́kàn, bí wọ́n ṣe rán àpò náà á ní ìtumọ̀ mìíràn. Àwọn tó ń ṣe é fún ìlú yìnyín máa ń fi ògiri aṣọ tín-ín-rín sáàárín aṣọ òkè àti ti ìsàlẹ̀ kí ojú rírán má bàa di ọ̀nà òtútù. Ó dára, ó sì wọ́n. Fún dígírì 8 sí 10, èyí tí wọ́n kàn rán aṣọ méjèèjì pọ̀ tààrà ti tó, ó fúyẹ́ sí i, ó tètè ń gbẹ torí ìhùùhù inú rẹ̀ kò nípọn. Síìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn dé ẹsẹ̀, kéèyàn lè ṣí i bí aṣọ ìbora ní òru tí kò tutù. Èyí tí síìpù rẹ̀ mọ ní ìdí kò yẹ wá. Irú kan tilẹ̀ wà tí kò ní ẹ̀yìn, tí wọ́n ń dà bora tí wọ́n á sì so mọ́ ẹní. Ó bá ojú ọjọ́ wa mu gan-an. Aṣọ òde rẹ̀ yẹ kó lè mí, kí ooru omi ara ráyè jáde; èyí tí wọ́n fi ọ̀rá kùn pátápátá ń dá omi òjò dúró, ó sì ń há ti ara mọ́ inú. Bí àwọ̀ méjì bá wà, ẹ mú dúdú. Oòrùn wákàtí kan ní òwúrọ̀ orí òkè máa ń gbẹ dúdú kíákíá ju funfun lọ.

Nísinsìnyí, ilé. Àpò kékeré tí wọ́n fi ń ká a mọ́ra wà fún ọ̀nà nìkan. Bí a bá dé, ká tú u lọ́jọ́ yẹn, ká sì fi í sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá fún ọjọ́ méjì. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn ará ìlú gbígbẹ ni pé kí wọ́n fi í sínú àpò òwú ńlá, kí wọ́n gbé e kọ́. Ní Òkókómáíkò, láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ tó ń gba inú òwú yẹn kọjá ni omi wà. Ohun tí mo rò pé ó dára jù ni kéèyàn dúró de ọyẹ́, kó sá a ní ibòji níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn náà kó gbé e sínú ike ńlá onídèérí, láì ká a mọ́ra, kó sì da àpò jẹ́lì tó ń fa omi sínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ṣùgbọ́n tó pọ̀. Ọjà Alábà tí wọ́n ti ń tú páálí ẹ̀rọ lójoojúmọ́ kò jìnnà. Jẹ́lì yẹn kì í ṣòro rí níbẹ̀. Kó máa ṣí i wò lóṣooṣù. Bí àpò bá tutù nígbà tí wọ́n fi í sínú ike, ike náà á sọ ọ́ di ìdọ̀tí, torí náà gbígbẹ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Fífọ̀ rẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni: inú báàfù ńlá, pẹ̀lú ọṣẹ tó rọ̀, láì lo ọṣẹ oníyẹ̀fun tó máa ń fọ òróró ara ìhùùhù kúrò. Ẹ má fún un bí aṣọ. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e láti abẹ́, kí ìwúwo omi má bàa ya ògiri inú rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì máa fi ìka tú gbogbo ibi tó bá ṣù. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó gbẹ dé inú, àníyàn rẹ̀ sì tọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ kò ní ra tuntun. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ti inú bẹ́ẹ̀lì òkìrìkà jáde, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó bi olówó léèrè. Òórùn èbu kì í lọ pátápátá. Ẹ nà án sí ojú oòrùn kí ẹ sì wò ó láti abẹ́: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti là kọjá, kò sí ìhùùhù níbẹ̀. Ẹ ká a, ẹ tú u, ẹ dúró díẹ̀. Bí kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé ó ṣù ní kókó kókó, ọṣẹ tó le ti pa á tàbí ó ti jẹrà nínú omi. Bí ìyẹ́ onígi bá ń gún ọwọ́ láti inú aṣọ, ìhùùhù rẹ̀ kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Nítorí pé òru tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa lò ó lọ́dún kò tó nǹkan, mo rí i pé ó mọ́gbọ́n wá kí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní LASU tàbí ní Ìbà dá owó ra ọ̀kan tó dára, kí wọ́n sì fi sọ́dọ̀ ẹni tí yàrá rẹ̀ gbẹ jù, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bó bá ṣeé ṣe. Ohun tó ń dá wọn dúró ni ìtìjú òógùn ara wọn. Télọ̀ èyíkéyìí lè yanjú ìyẹn: kí ó rán aṣọ òwú fẹ́lẹ́ bí àpò gígùn kan tí olúkúlùkù yóò máa wọ̀ sínú àpò ìsùn. Òun ni yóò máa gba òógùn àti ọ̀rá ara, tí ẹni tó ni ín yóò máa fọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá dé. Ní Kpalimé tàbí Ìdànrè, òun nìkan ló máa gbé dání.